Ọ̀tún Ta Ni?

Nígbà tí Bámgbóyè kú ní Òkè-Ìlá, ó fi ilé kan sílẹ̀, ó fi opó kan sílẹ̀, ó sì fi ọmọkùnrin méjì sílẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ ilé tiwọn sí àdúgbò Adébáyọ̀. Ó fi ìwé kan sílẹ̀ pẹ̀lú. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Ó kọ ọ́ pé kí apá ọ̀tún ilé náà jẹ́ ti Adémọ́lá, kí apá òsì jẹ́ ti Ayọ̀rìndé, àbúrò rẹ̀.

Ọ̀nà kan la ilé náà láàárín láti iwájú dé ẹ̀yìn. Apá kan ní kànga tí kì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, yàrá mẹ́ta tí wọ́n lẹ táìsì sí, àti òrùlé tí kò tí ì pé ọdún mẹ́rin. Ní apá kejì, ògiri ti sán, òjò sì ń jò sí yàrá méjì nínú mẹ́ta. Gbogbo àdúgbò ń pe ti àkọ́kọ́ ní apá kànga. Wọn kò fún ìkejì lórúkọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá wọn, oṣù márùn-ún gbáko ni àwọn ọmọ méjèèjì kò fi kí ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀tún ta ni bàbá wọn ń sọ? Ọ̀tún ẹni tó jókòó sí fàráńdà tó kọjú sí títì ni, àbí ọ̀tún ẹni tó dúró ní títì tó kọjú sí ilé? Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbé e lọ bá Tíṣà Olúwọlé, alàgbà nínú ìjọ bàbá wọn, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní jọ́gíráfì. Tíṣà wá ní òwúrọ̀ Sátidé kan, gbogbo wọn sì jókòó sí fàráńdà.

“Ẹ ka ìwé náà sí mi létí,” ni Tíṣà wí.

Adémọ́lá ka gbólóhùn kan, ó sì pa ìwé náà dé.

“Ó tán?”

“Èyí tó kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyẹn, sà.”

Ayọ̀rìndé, tí kò tí ì gba nǹkan kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti oṣù márùn-ún, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ibí yìí ni Bàbá máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́,” ni Adémọ́lá sọ. “Wọ́n á kọjú sí títì. Tí wọ́n bá ní ká gbé nǹkan sí ọ̀tún, ọ̀tún tiwọn ni. Kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. N kò fẹ́ ju ohun tí wọ́n fún mi lọ, sà.”

“Kò rí bẹ́ẹ̀, sà.” Ayọ̀rìndé yọ fóònù rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ohùn òkú náà jáde, ó ń wúkọ́ díẹ̀: “Kápẹ́ńtà, tí o bá ti ọ̀nà Fájuyì bọ̀, tí o bá dé iwájú ilé wa, fèrèsé tí mo ń wí wà lọ́wọ́ ọ̀tún.”

Tíṣà ṣí fìlà rẹ̀.

“Kápẹ́ńtà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀!” ni Adémọ́lá wí. “Àlejò ni. Ọmọ ni èmi.”

Inú Tíṣà dùn sí èyí. “O ti bá mi sọ ọ́. Ọ̀tún kì í dá dúró. Ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ la máa ń wò ká tó mọ ibi tó wà. Ẹ bá mi pe ìyá yín.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyá náà tó fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ jáde láti yàrá rẹ̀ ní apá kànga. Tíṣà ló dìde tó fa àga fún un. Ìwé ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò.

“Ìyá Adémọ́lá,” ni Tíṣà bi í, “báwo ni Bámgbóyè ṣe máa ń sọ ọ̀tún fún àwọn ọmọ yìí?”

Ó ronú. “Nígbà tí wọ́n wà nínú ilé yìí, ọ̀tún ẹni tó jókòó síbí ni. Gbogbo wa la jọ ń wo títì. Nígbà tí wọ́n kó lọ, ó yí padà. Tó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Mo bi í léèrè. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀.”

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ láti fàráńdà, ó fo gọ́tà kọjá, ó dúró ní títì, ó kọjú sí ilé.

“Ọ̀tún ẹni tó ń ti ìta bọ̀ ni,” ló ké sí wọn. “Ayọ̀rìndé, ìwọ lo jàre.”

“Olúwa, o ṣeun,” ni Ayọ̀rìndé wí.

Tíṣà na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kànga ni ọwọ́ náà nà sí. Ó wò ó, ó tún un wò. “Ṣùgbọ́n apá kànga nìyí. Adémọ́lá, ìwọ tí o jẹ̀bi náà ni ilé tó dára bọ́ sí lọ́wọ́!”

Adémọ́lá gbé orí lé ọwọ́. Ayọ̀rìndé ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i. “Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mò ń lọ sí kóòtù,” ni Adémọ́lá wí.

“Kóòtù kẹ̀?” Tíṣà ti padà dé ẹnu àtẹ̀gùn. “Ibi tó dára jù lọ ni bàbá rẹ fún ọ. Kí lo tún ń wá?”

“Ẹ má bá a wí, Tíṣà,” ni ìyá wọn sọ jẹ́jẹ́, “bàbá wọn kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé ẹni tí apá kànga bá kàn, òun náà ni ìtọ́jú mi kàn.”