Iyán Àkọ́kọ́ ní Àgbádárìgì

Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Àgbádárìgì, mọ́tò gbo Fálúyì jìgìjìgì títí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ sínú bàtà. Síbẹ̀, àṣà ilé wọn ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ gún iyán àkọ́kọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá kó wọlé, kí ilé tuntun etí òkun yìí má baà lé òun àti Bọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ jáde.

Ó gún un lẹ́ẹ̀kan. Abẹ́ ilẹ̀ náà gún tirẹ̀: gbì!

“Ọkọ mi, ẹ dáwọ́ dúró!” Bọ́sẹ̀dé ké láti ẹ̀gbẹ́ odó.

“Ta ló tó bá ọmọ Èkìtì gúnyán?”

Ó fi ọmọ-odó lu odó bí ẹni ń pa ẹgbàá ejò. Ìsàlẹ̀ náà lù ú padà, ògiri sán, odó fọ́ yángá, símẹ́ńtì ilẹ̀ sì lu. Ọwọ́ gígùn kan tí iyanrìn bò yọ láti inú ihò náà, ó já ọmọ-odó gbà lọ́wọ́ Fálúyì, ó sì gbé e sókè, sí òkè orí Bọ́sẹ̀dé gan-an.