Ìkanra Veronica Nídìí Epo Bẹntiróò

Ìkanra ni àrùn Veronica. Ọmọbìnrin náà rẹwà, kò sì jalè rí, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá béèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ á ti le koko. Ta ló fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ń wo èèyàn bí ẹni pé ó wá tọrọ jẹ? Èmi kò lè rà á.

Ṣọ́ọ̀bù epo Alàgbà Olówòkéré ló ti ń tajà, létí jẹ́tì Igbókòdá. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ eléńjìnnì lójú omi ni oníbàárà wọn. Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í mu bẹntiróò lásán. Wọ́n gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gbóná títí yóò fi nọ́ọ̀kì. Veronica ló máa ń pò ó. Kẹ́ẹ̀gì èyí tó ti pò àti kẹ́ẹ̀gì èyí tí kò tíì pò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn káńtà.

Ọ̀gá rẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀ títí. "Ọma mi, máa rẹ́rìn-ín sí wọn. Ẹni tó ń lọ sójú omi gbọ́dọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa kó tó lọ."

"Ọ̀gá, ìbéèrè wọn ti pọ̀ jù. Bí mo bá ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn, eyín mi á gbẹ."

Baba náà mi orí. Àánú Veronica ń ṣe é, torí òun ló ń bọ́ ìyá rẹ̀ tó ní ikọ́ fée ní Abereke lójú omi. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí nìyẹn. Bí ẹ bá rí Veronica lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé òun ni, ẹ̀rín kèékèé ni. Àwọn oníbàárà nìkan ni kì í rí ẹ̀rín yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Ó rò pé oníbàárà kan ló fẹ́ béèrè iye tí epo jẹ́, ó pòṣé, ó sì pa fóònù náà. Kò pẹ́ sí i ni Kàsúmù, awakọ̀ ojú omi kan, sáré wọlé. Òógùn ti bò ó.

"Àbúrò mi, fún mi ní kẹ́ẹ̀gì kan tó ní ọ́ìlì. Jọ̀ọ́, ṣe kíá, Abereke ni mò ń lọ."

"Ṣé o ò rí i pé àwọn èèyàn wà níwájú rẹ ni?"

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dá ẹni tó jù ú lọ dáadáa lóhùn! Kàsúmù dúró. Nígbà tó kàn án, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n bá ọ sọ̀rọ̀."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í pariwo àìsàn ìyá ẹni létí ẹni lójú ọjà. Èémí ń há ìyá Veronica lọ́fun ní Abereke. Àwọn aládùúgbò pe Veronica, kò gbé e, ni wọ́n bá pe Kàsúmù kó wá gbé ìyá náà lọ sí ọsibítù ní Igbókòdá. Jẹ́jẹ́ ló fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n Veronica gbé ohùn sókè.

"Gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin tó ń ra epo níbí, ẹ̀gbẹ́ kan náà lẹ fẹ́ fà mí lọ. Mi ò fẹ́ gbọ́!"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ojú ti Kàsúmù.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo..."

"Mo ní mi ò fẹ́ gbọ́!" Inú bí i débi pé kẹ́ẹ̀gì tó sún mọ́ ọn jù ló fà yọ, kò wò ó, ó sì gbé e ka orí káńtà gbàgà.

"Ṣé o ti po ọ́ìlì mọ́ eléyìí?"

"Kí ni mo ń ṣe níbí láti àárọ̀? Gbé e, kí o máa lọ!"

Kàsúmù rò ó pé bí òun bá gbé ìyá náà dé, ọmọ á fojú ara rẹ̀ rí i. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó sáré.

Epo tó kù nínú ọkọ̀ ló gbé e dé Abereke. Wọ́n gbé ìyá náà sínú ọkọ̀, Beauty, ọmọ aládùúgbò rẹ̀, sì gbé orí rẹ̀ lé itan. Kàsúmù so kẹ́ẹ̀gì tuntun mọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n kọrí sí Igbókòdá. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó rú èéfín, ó sì dákẹ́. Kàsúmù fa okùn rẹ̀ títí, kò jí. Ó ti nọ́ọ̀kì. Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì wò, bẹntiróò lásán ló wà nínú rẹ̀.

"Bọ̀dá Kàsúmù, ẹ ṣe nǹkan o! Kò lè mí mọ́!" Beauty ń sunkún.

Kàsúmù gbá àjẹ̀ mú. Ó ń wa ọkọ̀, ó ń ké, títí ọkọ̀ kan láti Màhíntẹ̀dó fi yọ sí wọn, tó sì fi okùn fà wọ́n. Ìyá náà béèrè ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n tó rí jẹ́tì, ó ti kú.

Veronica rí èrò létí omi, ó sáré jáde. Ó rí ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Iye mi! Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"Mo wá sọ fún ọ," ni Kàsúmù wí. "O ní o ò fẹ́ gbọ́. Kò sì sí ọ́ìlì nínú epo tí o tà fún mi."

Lọ́jọ́ náà ni Alàgbà Olówòkéré gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ Veronica, kò sì sí ẹni tó bá a bẹ̀bẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó gbé òkú padà sí Abereke, ó dojú bo àyà ìyá rẹ̀. "Iye mi, ẹ sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́." Títí wọ́n fi gúnlẹ̀, ohun tó ń sọ nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò le. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ọ̀yàyà sí oníbàárà kì í ṣe kí ọjà lè tà nìkan. Ẹni tí ojú yín bá dẹ́rù bà kò ní lè béèrè ohun tó yẹ kó béèrè, kò sì ní lè sọ ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ jókòó. Bí inú bá ń bí yín, ẹ mu omi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ tán.