Ẹja Abẹ́ Igi Wílò

Ẹja tiráòtù ńlá náà, tó máa ń dúró sójú kan ṣoṣo lábẹ́ igi wílò, tó sì máa ń kọrí sí òkè odò, tún jẹ́ kí kòkòrò ẹ̀tàn tí apẹja arúgbó náà fi ìyẹ́ ṣe sára ìwọ̀ ṣàn kọjá lórí omi. Ọdún mẹ́ta ni bàbá náà ti ń dọdẹ rẹ̀ nínú odò yìí, ní ìpínlẹ̀ Pẹnsilfáníà ní Amẹ́ríkà. Bó bá ti kọ ọ̀kan, apẹja á tún so èyí tó kéré sí i, títí ìwọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó hóró ìrẹsì, tí ojú apẹja sì ń ṣe bàìbàì.

“Bàbá Lorna, ẹ ò tíì jáwọ́?” ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sí etídò kejì bi í.

“Ó ti rẹ̀ mí. Ẹja yìí gbọ́n jù mí lọ.”

“Ẹ tiẹ̀ sọdá síbi ibòji igi wílò yìí ná. Oòrùn á pa yín síbẹ̀ yẹn.”

Ó wọ́ ẹsẹ̀ sọdá. Láti òdìkejì, ó ju ìwọ̀ ọ̀hún sómi láìretí ohunkóhun. Ẹja náà gbé e hàù!

Nígbà tó fi àwọ̀n gbé e, ó yí i wò. Ojú òsì ẹja náà, èyí tó ń kọ sí etídò tí bàbá náà ti ń jùwọ̀ láti ọdún mẹ́ta, ti fọ́, ó funfun báláú.

Ó rọra dá a padà sómi.

“Ìyá Lorna,” ó ní, “kò kọ ìkankan o. Kò rí wọn rí ni.”