Fìlà Tó Bá Orí Adégòróyè Mu

Làmídì rẹ fìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán sínú omi sítáàṣì, ó sì fà á bo igbá kékeré kan kó lè gbẹ roboto. Fìlà tí ọmọ rẹ̀ jòjòló máa dé níbi ìkómọ ni.

Ìsọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ràn fìlà ń pé sí nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń gba fìlà ara wọn dé wò. Kò sí èyí tó ń wọ orí Adégòróyè, olórí ńlá àárín wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, fìlà ò jẹ̀bi," ni Làmídì wí lánàá. "Ẹ wá ẹni tó máa bá yín dín orí kù!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Adégòróyè fi sunkún.

Lónìí, ó wọlé jẹ́jẹ́. Ó dé abetí-ajá Sùbérù, ó bá a mu. Ó dé ti Látẹ́jú olórí kékeré, ó bá a mu. Ẹ̀rín dá. Ó ṣí fìlà ọmọ náà kúrò lórí igbá, ó dé e. Ó wọlé dáadáa.

"O ṣeun, Làmídì. Mo rí ẹni tó ń dín orí kù náà lọ́nà oko. Mo ní ìwọ lo rán mi. Ó ní òun á ṣe tìẹ lọ́fẹ̀ẹ́."

Okùn tútù kan rọra yí orí Làmídì ká láti ẹ̀yìn.