Àpótí Tí Ń Wá Ojú Ọ̀run

Oògùn àyà bàbá Fadérera wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n àpótí náà kọ̀, kò ṣí. Láti ìgbà tí aládùúgbò wọn ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta tó dí ojú ọ̀run mọ́ wọn ni aago kọ̀ǹpútà inú àpótí náà kò ti bá ti sátẹ́láìtì ojú ọ̀run mu dáadáa mọ́. Òfin sì ni pé àpótí tí aago rẹ̀ bá yẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kò gbọdọ̀ tú oògùn sílẹ̀.

Fadérera gbé e jáde sí àgbàlá, pàbó ló já sí. Ó gbé e dé ojú títì, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó!"

"Ṣé aago ló máa sọ fún mi pé àyà ń dùn mí ni?"

Fadérera gun ògiri ọgbà, ó na àpótí náà sókè. Aago náà bá ti sátẹ́láìtì mu, àpótí ṣí! Ó bẹ́ sílẹ̀, ó fi oògùn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu.

Nígbà tí èémí bàbá rọlẹ̀, bàbá gbójú sókè láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn bíríkìlà ló rí lórí ilé aládùúgbò náà, tí wọ́n ń ru búlọ́ọ̀kù àjà kẹrin lọ sókè. Oògùn ìrọ̀lẹ́ ṣì ń bọ̀. Fadérera ti ń fojú wá ibi tó ga ju ògiri lọ.