Iná Ike Nínú Iyanrìn Etí Òkun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn fojú fò ó. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1. Etí òkun ni Ìyá Oníyanrìn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí orúnkún tàbí ìbàdí bá ń dùn ni oníbàárà ẹ̀. Yóò gbẹ́ kòtò, oòrùn á mú iyanrìn gbóná, yóò wá tẹ́ èèyàn sínú ẹ̀, á sì fi iyanrìn bò ó dé àyà. Ara á tù wọ́n.

Ṣùgbọ́n oòrùn kì í ràn lójoojúmọ́, sùúrù Ìyá Oníyanrìn ò sì tó nǹkan. Lọ́jọ́ kan tí ojú ọ̀run ṣú, tí àwọn oníbàárà ń kùn, ó wo ike àti ọ̀rá tí òkun gbá wá. Ó kó wọn sínú kòtò, ó ṣáná sí i. Nígbà tó jó tán, ó ha dúdú orí ẹ̀ kúrò, ó da iyanrìn díẹ̀ lé e.

"Ìyá, ooru tòní mà dùn o!" ni oníbàárà wí.

Ó parí. Láti ọjọ́ yẹn, kódà bí oòrùn bá mú ganrínganrín, ike ló ń sun.

2. Àbúrò ẹ̀, apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí, rí i, inú bí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbóòórùn iyanrìn yín! Ṣé inú èyí lẹ ń tẹ́ arúgbó sí?"

"Mo máa ń fi asẹ́ jọ̀ ọ́."

"Asẹ́ á mú èyí tó rí. Èyí tó ti yọ́ wọnú iyanrìn ńkọ́?"

"Gbájú mọ́ àwọ̀n ẹ, jàre."

Nígbà tó yá, ara bẹ̀rẹ̀ sí yún àwọn oníbàárà. Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ fún wọn: "Àìsàn ló ń jáde yẹn." Àìsàn wo? Háà! Wọ́n sì gbà á gbọ́.

3. Ìyá tó bí i lọ́mọ wá láti ọ̀nà jíjìn, nítorí orúnkún tí kò jẹ́ kó dìde dáadáa mọ́. Inú ọmọ dùn ṣìnkìn. Ike ọjọ́ náà pọ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ, kí ooru lè kárí.

"Ọmọ mi, nǹkan yìí ń ta mí lára o."

"Ẹ fara dà á, Màámi. Àìsàn ló ń jáde."

Ó fara dà á. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Ọmọ òun ló kúkú ń tọ́jú òun.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, awọ ẹsẹ̀ ìyá àgbà ti ń bó, ikọ́ ò jẹ́ kó mí. Dókítà ní kí wọ́n mú iyanrìn náà wá. Àyẹ̀wò fi hàn pé kẹ́míkà inú ike jíjó ti gba gbogbo ẹ̀. Àwọn elétò ìlera fi wáyà yí ibẹ̀ ká. Ìyá Oníyanrìn ò sì ríbi sún sí: láti ìbẹ̀rẹ̀, kòtò tó bá ti dúdú jù ló máa ń fi sílẹ̀ láti gbẹ́ òmíràn, títí etí òkun fi tán mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ọsibítù, ó mú ìpara, ó fẹ́ fi pa ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀. Ìyá àgbà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Fi sílẹ̀. Jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ṣe é."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi! Ẹ má sun ike sí etí òkun, ẹ má sun ún sí ẹ̀yìnkùlé. Pé ojú yín ò rí i mọ́ kò sọ pé ó ti lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní nǹkan ń ta òun lára, ẹ gbà á gbọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.