Àga Takisí Tó Di Dúdú

"Kí ló sọ ọwọ́ yín di dúdú báyìí, ọ̀gá awakọ̀?"

Awakọ̀ náà fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. Láàárọ̀ yẹn, nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní ìlú Jiayi, ló fi búrọ́ọ̀ṣì kun aró dúdú sí aṣọ àga takisí tó fẹ́ tà. Èrò kan kú síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, ẹni tó bá sì gbọ́ kò ní rà á láéláé.

"Ẹ́ńjìnnì ni mo tún ṣe, Àǹtí."

"Àǹtí bàbá ta ni?" Peishan, obìnrin tó wá ra mọ́tò náà, ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Àga yìí ńkọ́? Bó ṣe dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ búra."

"Mo... mo búra."

Peishan ki ìka bọ abẹ́ àga, ó fa hóró ìrẹsì mẹ́ta tí a kò sè jáde pẹ̀lú iyọ̀. Aró ti sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú. Awakọ̀ ló fọ́n ọn síbẹ̀ lọ́jọ́ tí èrò náà kú, láti fi lé ẹ̀mí òkú lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà ìlú wọn. Ó rò pé òun ti gbá a tán.

"Ìrẹsì àti iyọ̀! Òkú lo fi èyí lé, òpùrọ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́, àwọn aládùúgbò..."

"Ìyá mi lo lé! Ọsibítù ló fún mi ní nọ́ńbà mọ́tò rẹ. Àga aláwọ̀ eérú tó gbórí lé kẹ́yìn ni mo wá rà."

Ó tutọ́ sí áńkáṣíìfù funfun rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ibi tí orí máa ń gbé. Áńkáṣíìfù náà di dúdú. Àga náà kò yí padà.